Iyàrá Orí Táyà tí Bàbá Àgbà Kàn fún Ìyá Rẹ̀

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá Àgbà ní Bẹẹrẹ n'Íbàdàn, ohùn rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ lábẹ́ mọ́tò kan, kí ẹ tó rí ojú rẹ̀. Ẹ ò sì tíì ní kí i tán tí yóò ti máa da ìbéèrè bò yín. "Ta nìyẹn? Níbo lẹ ti ń bọ̀? Báwo lọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí báyìí? Afárá yẹn ńkọ́, ṣé pákó ni àbí irin?" Kápẹ́ńtà ni. Ẹ́ńjìnnì àti irin lásán ni wọ́n ń fi ọkọ̀ òkun kó wá, òun ló ń kan ara onípákó lé e tí ó fi ń di bọ́lẹ̀kájà. Àwọn mọ́tò tó kàn ti dé Kánò, wọ́n ti dé Sàpẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò tíì rìn kọjá Ìwó. Mo rò pé ohun tó ń mú un bi gbogbo èèyàn léèrè nìyẹn. Ó fẹ́ mọ ibi tí pákó rẹ̀ lọ.

Kì í lo rúlà. Okùn kan ni ó fi ń wọn igi, okùn tí ó ta ní kókó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo wọ kíláàsì kẹrin, mo gbé rúlà ilé ìwé mi ti okùn náà. Ínṣì mẹ́jọ gẹ́lẹ́ ló wà láàárín kókó kan sí èkejì, àfi ìkeje, tí ó jẹ́ mẹ́jọ ààbọ̀. Mo sáré lọ sọ fún un, mo rò pé mo ti rí àṣìṣe àgbàlagbà. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Mo mọ̀. Inú ń bí mi lọ́jọ́ tí mo ta ìyẹn."

Ẹ̀mí ìwádìí yìí máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Màmá, ìyàwó rẹ̀, tí ó ń ta òwú àti bọ́tìnnì l'Ọ́jà'ba. Nígbà kan, wọ́n jọ lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Yemẹtu. Baba ọmọ dìde láti kí àwọn àlejò, Bàbá Àgbà sì dojú àga baba ọmọ délẹ̀, ó ń wo bí wọ́n ṣe so ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀. "Bàbá Rábíù, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí àga oníàga sinmi!" Bàbá fi èékánná ha abẹ́ àga náà, ó sì sọ ọ́ síta kí gbogbo èèyàn gbọ́: "Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó purọ́ fún ọkùnrin yìí pé ìrókò ni."

Ohun tó bá ti jẹ́ igi, irin tàbí ọ̀nà, kò sí ibi tí kò lè tú wò nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ nìkan ni kì í tú. Tó bá ti sọ ọ́, ó ti kàn án mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Wọn ò tíì bí mi nígbà tí ó sọ èyí tó burú jù. Bàbá rẹ̀ ti kú, òun ni olórí agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, ó sì fi àbúrò rẹ̀ obìnrin, Sàlámátù, fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí àwọn méjèèjì jọ kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ yìgì, àwọn ààfáà jókòó, wọ́n ní kí wọ́n mú ìyàwó wá, ìyàwó ò sí. Sàlámátù ti bá àwọn obìnrin aláṣọ lọ sí Lòmé láti ìdájí. Bàbá Àgbà gbé Àlùkùránì lójú gbogbo wọn, ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láyé, Sàlámátù ò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà agbo ilé yẹn.

Ọdún mẹ́rìnlá kọjá. Lọ́dọọdún ni Sàlámátù ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí ìyá wọn, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Arúgbó. Bàbá Àgbà á gba aṣọ náà lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá, á fi ìka méjì pa á wò bóyá ó nípọn, á sì gbé e fún ìyá rẹ̀. Ààfáà àdúgbò wa bá a sọ ọ́ títí. "Làmídì, ìbúra kì í ṣe ògiri. Ọlọ́run ti fi ìtánràn sí i. Bọ́ tálákà mẹ́wàá, kí oúnjẹ náà jẹ́ irú èyí tí ará ilé rẹ ń jẹ, ó parí." Bàbá ní, "Ààfáà, tí mo bá fi ìrẹsì ra ọ̀rọ̀ mi padà lẹ́ẹ̀kan, ta ni yóò tún gbà mí gbọ́?"

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Arúgbó ṣubú létí kànga. Itan rẹ̀ òsì ló ṣẹ́. Ó jinná, ṣùgbọ́n kò jinná dáadáa: kò lè jókòó mọ́, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ló lè fi dùbúlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, èmi ni ó sì ń jẹ́ kí ó gbé òun nídìí, torí ó ní ọwọ́ àwọn àgbà le jù. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́.

"Àkànní, mo fẹ́ rí Sàlámátù."

Bàbá Àgbà gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì ó tún sọ ọ́, Bàbá tún gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Lọ́jọ́ kẹta ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ, kó bi mí pé ọmọbìnrin wa ńkọ́, kí n ní mi ò mọ̀?"

Bàbá dìde, ó mú okùn rẹ̀ lára ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí wọn ìyá rẹ̀ láti orí dé gìgísẹ̀.

Ìyá Arúgbó figbe ta. "Ẹ gbà mí o! Pósí ni ọmọ yìí fẹ́ kàn fún mi! Mùsùlùmí ni mí o!"

"Ìyá, ẹ sinmi ariwo. Mọ́tò ni."

Odidi òjò ọdún yẹn ló fi kàn án, sórí mọ́tò àlòkù kan tó ti rà tẹ́lẹ̀. Pákó àfàrà ni ó lò kó lè fúyẹ́. Ó ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn pẹ̀lú àtẹ̀gùn mẹ́ta, fèrèsé méjì, pẹpẹ ìkòkò, àyè sítóòfù, àti dúrọ́ọ̀mù omi nísàlẹ̀. Kò gbé ibùsùn náà lé ilẹ̀. Ó gé tíúbù táyà ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi so ibùsùn kọ́, kí gbogbo kòtò ojú ọ̀nà lè parí sínú rọ́bà kó má dé itan ìyá rẹ̀. Àwọn èèyàn ń ti Màpó sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó. Màmá kò wò ó. Ó dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ó káwọ́ lérí.

"Bàbá Rábíù, tálákà mẹ́wàá péré! Ẹ ò lè bọ́ èèyàn mẹ́wàá, ẹ wá fẹ́ gbé arúgbó la bodè méjì kọjá!"

"Mo búra pé Sàlámátù ò ní dé ilé wa," ni Bàbá wí. "Mi ò búra pé ìyá mi ò ní dé Lòmé."

A gbéra lópin òjò ọ̀wàrà, àwa mẹ́rin: Bàbá, Ìyá Arúgbó, èmi, àti Ràímì dírẹ́bà, tí ó ti wa mọ́tò dé Àjàṣẹ́ rí. Nísinsìnyí tí èmi náà ti bí ọmọ mẹ́ta, tí mo máa ń dúró lójú fèrèsé tí mo bá rán wọn ní kẹrosíìnì, tí mò ń ka ìṣẹ́jú, mi ò mọ bí ìyá mi ṣe gbà kí n lọ. Ohun márùn-ún ni ó kà fún mi: n kò gbọdọ̀ mu omi tí a kò sè, n kò gbọdọ̀ yọ orí síta, n kò gbọdọ̀ jìnnà sí mọ́tò, n kò gbọdọ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ àlejò, n kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ òkun. Mo rú mẹ́rin nínú wọn.

Ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso ló wà níwájú lẹ́yìn Ìdírókò. Aṣọ́bodè kan tó gbọ́ Yorùbá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó rí obìnrin arúgbó lórí ibùsùn tó ń mì jọ̀jọ̀, ìkòkò lórí pẹpẹ, kọ́tìnnì lójú fèrèsé. Ó ní kí ni èyí, ṣé ọsibítù ni àbí ilé ìtajà? Bàbá ní, "Iyàrá ìyá mi ni. Ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó wọlé." Mo rò pé wọ́n máa tì wá mọ́lé. Ọkùnrin náà bọ́ bàtà. Síbẹ̀, ọjọ́ méjì ni ìwé wa fi pẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Nǹkan kan tún ń dá wa dúró. Ìyá Arúgbó kì í kírun láìdojú kọ gàbásì. Ẹ rántí pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ni ó lè fi dùbúlẹ̀. Ibùsùn náà sì wà lóòró mọ́tò, orí rẹ̀ níwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Bí a ṣe ń lọ síhà ìwọ̀ oòrùn yẹn, ọ̀tún rẹ̀ kọ ojú sí gúúsù. Kí ojú rẹ̀ tó lè kọ gàbásì, àfi kí imú mọ́tò dojú kọ gúúsù. Nítorí náà, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, torí arìnrìn-àjò máa ń pa àwọn ìrun kan pọ̀, Ràímì á yà kúrò lójú ọ̀nà, á yí mọ́tò, á dúró títí Ìyá á fi sálámà, á sì tún yí i padà.

"Bàbá," ni Ràímì wí lọ́jọ́ kẹta, "ẹ̀sìn fàyè gba aláìsàn. Ibi tó bá kọjú sí náà ni kó kí i."

"Òótọ́ ni. Lọ sọ fún un."

Ràímì gun àtẹ̀gùn wọlé. Kò pẹ́ rárá tó fi jáde. "Wọ́n ní kí n yí mọ́tò."

Lẹ́yìn Kútọnu la rí òkun. Bàbá ní kí Ràímì dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bu omi náà, ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́. Ó gé ọ̀pá mẹ́ta, ó rì wọ́n mọ́ iyanrìn láti mọ ibi tí ìgbì ń dé, ìgbì sì wú méjì lọ. Ó dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí oníbàárà ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún. Lẹ́yìn náà ó bi mí, bí ẹni pé ilé ìwé ti kọ́ mi ní ìyẹn: "Àṣàkẹ́, ó ń bọ̀, ó ń lọ, ó tún ń bọ̀. Kí ni ó gbàgbé síbí?"

Ọ̀nà ibẹ̀ gba etí òkun lọ láàárín igi àgbọn. Gúúsù tí a máa ń dojú mọ́tò kọ láti ọjọ́ yìí wá, igbó tàbí oko ló máa ń wà níbẹ̀. Níhìn-ín, òkun ló wà ní gúúsù. Ní ìdájí ọjọ́ keje, Ràímì yí imú mọ́tò sí omi fún ìrun àsùbáà, táyà iwájú sì rì sínú iyanrìn. Ó tẹ iná mọ́ ọn, ó rì sí i. Nígbà tí Ìyá Arúgbó sálámà, mọ́tò ti rì dé irin nísàlẹ̀, omi sì ti ń gòkè bọ̀. Mo fi igi àgbọn kan wò ó: nígbà tí oòrùn yọ, ìgbì jìnnà sí wa tó ogún ẹsẹ̀, nígbà tó yá, kò ju mẹ́jọ lọ.

Bàbá ní kí a gbé ìyá òun sọ̀ kalẹ̀ kíákíá. Ìyá Arúgbó di rọ́bà ibùsùn mú. "Mi ò bọ́ síbì kankan. Àkànní ló gbé mi wọ̀ ọ́, Àkànní ni kó yọ mí."

Àwọn apẹja kan ń fa àwọ̀n ńlá jáde lókè díẹ̀, okùn gígùn méjì, ọkùnrin mẹ́sàn-án. Ràímì sáré lọ bẹ̀ wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, tó ti ṣiṣẹ́ l'Ékòó rí, dá a lóhùn pé kò sí ẹni tó ń fi àwọ̀n sílẹ̀ nínú omi. Tí àwọn bá fà á dé etí, àwọn á wá. Mo rò pé Bàbá máa bínú. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ká ṣòkòtò sókè, ó lọ di okùn mú lẹ́yìn wọn, ó ń fà á. Bí wọ́n ṣe ń kọrin náà ló ń gbè é, kò mọ ohun tí orin náà ń sọ. Láàárín orin, mo ń gbọ́ ọ tí ó ń bèèrè pé irú igi wo ni wọ́n fi gbẹ́ ọkọ̀ wọn.

Ìgbì kan ti fọ táyà iwájú kí àwọ̀n tó dé. Gbogbo wọn wá. Wọ́n fi ọwọ́ wa iyanrìn, wọ́n tẹ́ imọ̀ àgbọn sábẹ́ táyà, wọ́n so okùn àwọ̀n mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n sì fa iyàrá Ìyá Arúgbó jáde nínú òkun bí wọ́n ṣe fa ẹja. Ó ń kí wọn láti ojú fèrèsé: "Ẹ kúuṣẹ́ o! Ẹ rọra o! Itan mi o!"

Nígbà tí mọ́tò dúró lórí ilẹ̀ líle, Bàbá jókòó lórí àtẹ̀gùn. Ó ń wo àwọn ọkùnrin náà. Lẹ́yìn náà ó ní kí n kó gbogbo ìrẹsì wa jáde, kí n sè é.

"Gbogbo rẹ̀, Bàbá?"

"Irú èyí tí à ń jẹ. Fi òróró sí i dáadáa."

Ó wá lọ bá ọkùnrin tó gbọ́ Yorùbá, ó rọra bi í ní ìbéèrè kan. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó tú u fún àwọn tó kù, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Ràímì bo ojú. "Bàbá, ta ló ń bi ẹni tó yọ mọ́tò rẹ̀ pé ṣé tálákà ni?"

"Mo ní láti mọ̀. Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọ̀n kì í ṣe tiwọn, ọkọ̀ kì í ṣe tiwọn, ẹja náà kì í ṣe tiwọn," ni apẹja tó gbọ́ Yorùbá náà dáhùn.

"Ó dára. Mẹ́sàn-án nìyẹn. Ó ku ẹnì kan."

Ìrẹsì jinná, àwọn ọkùnrin jókòó, Bàbá ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ó rin etí òkun lọ nínú oòrùn, àwa ń wò ó títí ó fi kéré. Nígbà tó padà, ó di obìnrin arúgbó kan lọ́wọ́ mú, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí èéfín ẹja yíyan ti sọ ara rẹ̀ di dúdú. Ó gbé e jókòó. Bàbá Àgbà tí kì í gbé àwo ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀ ló bu oúnjẹ fún àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró lé wọn lórí títí wọ́n fi yó. Mo gun àtẹ̀gùn lọ sọ fún Ìyá Arúgbó pé Bàbá ń ṣe bí ẹni tí oòrùn pa. Ó bi mí pé mélòó ni wọ́n. Mo ní mẹ́wàá. Ó fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀. "Fi í sílẹ̀," ó ní. "Má bá a sọ̀rọ̀ rárá. Ó ń tú nǹkan."

A dé Lòmé lọ́jọ́ kẹsàn-án. Sàlámátù ń ta aṣọ níwájú ilé rẹ̀, obìnrin gíga kan, imú Bàbá gẹ́lẹ́ ló wà lójú rẹ̀. Ó dìde, kò kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀." Bàbá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Sàlámátù yọjú, ó pariwo orúkọ ìyá rẹ̀, bàtà rẹ̀ sì wà nílẹ̀ kí n tó rí i tó gòkè. Wọ́n sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún sunkún. Nígbà tó padà sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ la igi, ẹ kàn án, ẹ gbé ìyá tí itan rẹ̀ ṣẹ́ la bodè méjì kọjá, kí èmi má baà tẹ ilé bàbá mi?"

"Bí mo ṣe kúrò nílé nìyẹn," ni Bàbá wí. "Kì í ṣe bí mo ṣe dé ìhín. Àṣàkẹ́, èèyàn mélòó ló jẹun?"

"Mẹ́wàá, sà."

"Ṣé wọ́n yó?"

"Ọ̀kan tún bu sí i, sà."

Sàlámátù wo èmi, ó wo Ràímì, Ràímì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó mọ ohun tí mẹ́wàá jẹ́. Ilé kan náà ni òun àti Bàbá ti ké kéwú. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀lì aṣọ rẹ̀. "Ọdún mẹ́rìnlá," ó ní. "Tálákà ò sí n'Íbàdàn ni? Kí ló dé tí ẹ ò ṣe é nílé?"

Mi ò gbọ́ kí Bàbá Àgbà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ṣáájú tàbí lẹ́yìn. "Nílé, gbogbo ẹni tí mo bá bọ́ ló mọ̀ mí."

Ọjọ́ mẹ́rin ni Sàlámátù fi palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́, ó sì bá wa padà. Nígbà tí a dé Bẹ́yẹrúnkà, gbogbo agbo ilé ti kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n fẹ́ wo ẹsẹ̀ tí yóò kọ́kọ́ gbé wọlé. Bàbá fi apá tì wọ́n sẹ́yìn. "Ẹ kúrò lọ́nà. Ó rẹ obìnrin yìí." Oṣù márùn-ún ni Ìyá Arúgbó lò lẹ́yìn ìgbà yẹn. Sàlámátù ló wẹ̀ ẹ́ nígbà tó kú.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé wọ́n wá di ọ̀rẹ́. Wọ́n jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, wọ́n jà lórí ibi tí ó yẹ kí ewúrẹ́ sùn, wọ́n jà lórí ẹni tó rí òkun dáadáa jù. Bàbá kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Sàlámátù títí ó fi kú, Sàlámátù náà kò sì béèrè rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ ìsìnkú Bàbá Àgbà, àwọn ààfáà ní kí àbúrò olóògbé sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ọdún mẹ́rìnlá ló fi lé mi," ni ó wí. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wá mi. Ẹkún ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ni mò ń sun."